Ṣé wúrà tó kéré gan-an lè fi mẹ́kúrì inú omi hàn?

Ọ̀kún o. Ẹ ní wọ́n ń wa wúrà lápá Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, odò yín ti yí àwọ̀, ṣé òótọ́ ni pé nanoparticle (ègé wúrà tíntìntín tójú ò lè rí) lè fi hàn bí mẹ́kúrì, irin olóró táwọn awakùsà máa ń fi yọ wúrà, bá wà níbẹ̀. Òótọ́ ni.

Wúrà tó bá kéré tó bíi nánómítà 13 nínú omi kì í rí bíi ti ṣéènì ọrùn mọ́, pupa ló máa ń jẹ́, bíi sóbò. Wọ́n á wá so DNA tàbí kẹ́míkà kan tó máa ń gbá mẹ́kúrì mú mọ́ ọn lára, tí mẹ́kúrì bá ti wà nínú omi yẹn, àwọn wúrà náà lè ṣùpọ̀ mọ́ra wọn, pupa á di búlúù, ojú lásán á rí i, kò sídìí fún ẹ̀rọ ńlá kankan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fàyè gbà nínú omi mímu kéré púpọ̀, mẹ́kúrì máíkrógíráàmù 6 nínú lítà kan, lẹ́ẹ̀dì àti kádímíọ̀mù, táwọn náà jẹ́ irin olóró, jẹ́ 10 àti 3, ojú lásán lè má rí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú omi gan-an lè mú wúrà yẹn ṣùpọ̀ lásán. Lójú tèmi, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni, kẹ́ ẹ ṣì gbé omi lọ sí láàbù tó ní AAS, ẹ̀rọ tó máa ń wọn irin inú omi.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó sè é o! Sísè kì í yọ lẹ́ẹ̀dì, ṣe ló máa ń ki sí i bómi ṣe ń gbẹ.