Mú káàdì ATM dání bó o bá ń lọ wo gìtá àtijọ́

Àbúrò mi ní Òmù-Àrán, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní bàbá kan ní Ọ̀fà fẹ́ ta gìtá Gibson J-45 fún ọ, ó ní 1959 ni wọ́n ṣe é, àti pé owó tó ń pè, o lè fi ra gìtá Yamaha FG800 tuntun kí ṣéńjì tún ṣẹ́ kù sápò. O wá ń béèrè bóyá ohùn ti àtijọ́ yẹn tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ náwó, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì lo ti máa lù ú, tó o sì fẹ́ máa gba orin sílẹ̀ nílé. Màá dáhùn. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí bí mo ṣe ka 1959 yẹn báyìí, inú mi tún ru.

2017 ni mo ra tèmi, ní Ìlọrin níbí. Ẹni tó tà á ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi lu háíláìfù nígbà ayé ẹ̀. 1959 ni òun náà pè é! Mi ò tíì rí ẹni tó ń ta gìtá àtijọ́ tí kì í sọ 1959. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n gìtá. Ó ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orí ẹ̀, ó mi orí bíi dókítà, ó ní ojúlówó ni, ó sì gba owó àyẹ̀wò. Mo san 350,000 náírà, owó tísà tí mo fi ọdún méjì tù jọ.

Ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta ni mo wá rí i pé wọ́n tẹ MADE IN USA wọnú igi lábẹ́ nọ́ńbà yẹn gan-an. Láti 1970 ni Gibson ti ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nọ́ńbà fúnra ẹ̀ ò tó ẹ̀rí, torí láàárín àwọn ọdún 1960, nọ́ńbà kan náà lè wà lára gìtá ọdún méjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tún wo èjìká ẹ̀: J-45 àtijọ́ a máa ní èjìká tó rọ̀ wálẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ ni wọ́n sọ ọ́ di onígun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka nọ́ńbà, kò ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Ọrùn ló jẹ mí níyà. Okùn irin mẹ́fà ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tó ju kílò 65 lọ, tọ̀sán-tòru. Fi ogójì ọdún lé e, ọrùn á ti tẹ̀ síwájú, ikùn á wú lẹ́yìn bíríìjì (igi tí wọ́n so ìdí okùn mọ́ lójú gìtá), okùn á sì jìnnà sí igi ọrùn. Níbi fíréètì kejìlá (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn ni fíréètì), káàdì ATM mẹ́ta ló yẹ kó wọ abẹ́ okùn tó nípọn jù, kó fún un pinpin. Tèmi gba mẹ́fà. Tí mo bá lu orin méjì, ìka mi á máa ta bíi pé mo fọwọ́ kan ata.

Mo gbé e fún oníṣẹ́ kan tó ní òkè òkun lòun ti kọ́ṣẹ́. Ó ní irin inú ọrùn la máa yí. Irin yẹn, ọrùn tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ló ń tún ṣe. Tó bá jẹ́ pé ìdí ọrùn, níbi tó ti wọ ara, ló ti yẹ̀, o lè yí i títí di ọ̀la. Ó yí i títí nọ́ọ̀tù ẹ̀ fi di róbótó. Bíríìjì tó ti ń ṣí díẹ̀, ó ki Araldite bọ abẹ́ ẹ̀. Gọ́ọ̀mù awọ ẹran tí wọ́n fi ń lẹ gìtá láyé àtijọ́, ooru àti omi á tú u, wàá sì tún un lẹ̀. Araldite ò mọ ìyẹn. Nígbà tí bíríìjì máa kúrò, ó ya pákó ojú gìtá tẹ̀ lé e, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó sì tún gbowó o.

Mo bá fi owó ránṣẹ́ sókè òkun fún bíríìjì míì, igi rosewood. Kò gùn ju bírò lọ. Òṣìṣẹ́ kan níbi tí ẹrù ti ń wọlé dá a dúró, ó ní kí n mú ìwé àṣẹ igi wá. Òtítọ́ ni pé láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ń béèrè ìwé fún gbogbo rosewood, ìparí 2019 ni wọ́n tó yọ gìtá àti ẹ̀yà ara ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe parí kúrò níbẹ̀ (ti Brazil nìkan ló ṣì le koko, láti 1992). Àmọ́ mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń gba ìwé náà, kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, ó ní kí n “rí òun”.

Àárín ìyẹn lọyẹ́ dé. Mo sùn lóru, mo gbọ́ pá! bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Ojú gìtá ti sán láti ìdí bíríìjì dé ìsàlẹ̀. Gìtá fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin ẹ̀ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ọyẹ́ Kwara ò sì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Lu ihò sára ike ọṣẹ, fi fóòmù tútù sínú ẹ̀, gbé e sínú àpótí gìtá. FG800 náà nílò ẹ̀ o, pákó gidi ló wà lójú ẹ̀. Yamaha F310 tí wọ́n fi plywood ṣe ni ọyẹ́ kì í rí gbé ṣe. Má sì fi gìtá kankan sílẹ̀ nínú mọ́tò ní oṣù Kẹta, gọ́ọ̀mù á rọ̀.

Ẹni tó wá gbà mí ni káfíńtà kan ní Sàmíìlì, àga ló ń ṣe. Ó wo fídíò pẹ̀lú mi, ó fi èéfín omi gbígbóná yọ ọrùn, ó fá ìdí ẹ̀, ó dá a padà. Ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀n-ẹ́n, ohùn lo béèrè. Ó yàtọ̀. Okùn J-45 kúrú díẹ̀, bíi íńṣì 24¾, nígbà tí ti Yamaha tó bíi íńṣì 25½, ó ń rọ̀ lọ́wọ́, ohùn ẹ̀ gbẹ, ó sì jinlẹ̀. Tó o bá gbé máíkì síwájú ẹ̀ nílé, wàá gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú gángan, dùrù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ìwọ nìkan lo máa mọ̀. Ra Yamaha.

Bó bá ṣì ń wù ọ́ láti dé Ọ̀fà, mú káàdì mẹ́ta, dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ti dígí bọ ihò, wo bóyá igi kankan ti ṣí nínú ẹ̀. Wo ẹ̀yìn orí ẹ̀. Bí bàbá yẹn ò bá jẹ́ kó o dẹ okùn, kí wọn pé ó dàárọ̀, wọ mọ́tò Ajàṣẹ́. Okùn 11 ni kó o fi sí i tó o bá rà á, má fi 12 sí i, torí 12 nípọn jù ú lọ, ó sì ń fa gìtá jù ú lọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ pá yẹn lẹ́ẹ̀kejì.