Ẹ má gba ìwé dókítà yẹn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìbàdàn la ti kó wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún tó kọjá. Bọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, wà ní sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama níbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní EPS, ìyẹn iṣẹ́ eré ìdárayá, ni inú máa ń run ún. Ó pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kó sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú oòrùn. Bí wọ́n bá sì ń ṣa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, òun ló máa ń kù sílẹ̀. Mo fẹ́ bẹ dókítà kó kọ̀wé pé kí Bọ́lá má ṣe EPS mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Bọ́lá.

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú àfaradà. Ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn wá sí Kétu ní Benin níbí, ọmọ mẹ́ta wa ló sì ń lọ síléèwé níbí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìwé yẹn. Inú rírun yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀rù lè run ọmọ nínú. Bó bá ń ṣe é lọ́jọ́ mìíràn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ EPS nìkan lẹ pè é.

EPS wà nínú BEPC, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ìparí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama, máàkì wà níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé náà ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé kó lò ó débi tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí rẹ̀ kò ní gbà á kọrin. SHAPE America, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ gbangba pé a kì í fi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Ìyà yẹn ló yẹ kó kúrò, kì í ṣe Bọ́lá.

Ẹ kọ́kọ́ rí tíṣà fúnra rẹ̀, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ dìrẹ́tọ̀. Tíṣà ọmọ mi kejì ní ọmọ bí 50 àti bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Àwọn díẹ̀ ń gbá a, ìyókù ń wòran. Mo ra okùn mẹ́rin fún un lọ́jà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 1 dé 4 sára ògiri, àwọn ọmọ ń kà á láti ẹnu dé ẹnu, kálukú lọ dúró sídìí nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣa ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń fo okùn, àwọn kan ń sáré dé ìdí máńgòrò, wọ́n á tún pààrọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìyàwó mi ní kí n fi èyí kún un: ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó ti ń rí nǹkan oṣù, àti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọmọbìnrin wa kọ EPS fún oṣù méjì, a kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ṣeé tì ni. Àwọn ìyá mẹ́rin ló dáwó ra ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn náà.