Èsì: German Shepherd tó ń bu ewúrẹ́ jẹ lẹ́sẹ̀ l'Ọ́fà

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ajá German Shepherd yín ń lé ewúrẹ́, ó ń bù wọ́n jẹ lẹ́sẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá ó ti ya wèrè. Ẹ má nà án. Ẹ so okùn mítà 10 mọ́ ọn lọ́rùn. Gbàrà tó bá tẹjú mọ́ ewúrẹ́, tó rẹ orí sílẹ̀, ni kí ẹ pè é. Tó bá wẹ̀yìn, ẹ fún un lẹ́ran díẹ̀. Bó bá ti sáré tẹ̀ lé ewúrẹ́, ó ti pẹ́ jù: eré sísá yẹn gan-an lèrè tiẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa kọ́ ọ o, kí ooru má baà mú un, torí irun rẹ̀ nípọn.

Ajá tó ń ṣeré nìkan ni èyí wà fún. Èyí tó bá ti pa ewúrẹ́ rí, ẹ má tú u sílẹ̀ mọ́.

Kò ya wèrè. Ajá darandaran ni Max von Stephanitz fi bẹ̀rẹ̀ irú wọn ní Jámánì lọ́dún 1899. Iṣẹ́ ọlọ́pàá dé lẹ́yìn ni.