Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Géèmù Náà Yóò Jáde?

Ohun kan ṣoṣo ni ó gba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí wa lóṣù yìí: géèmù tí wọ́n ti kéde, tí gbogbo ayé ti rí fídíò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé ilé géèmù ni mo ti kọ́ sùúrù, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ ti máa ń dúró ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ẹni tí wọ́n bá nà yóò sì fi páàdì sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà tí GTA V (géèmù Grand Theft Auto, apá karùn-ún) jáde. Mo ti parí yunifásítì, mo ti sin ìjọba, mo ti gbéyàwó, ìyàwó mi sì ti bí ọmọbìnrin kan, síbẹ̀ GTA VI, ìyẹn apá kẹfà, kò dé. Ìyàwó mi ní bí ọmọ náà bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí géèmù náà tó jáde, kí n gbàgbé rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sún ọjọ́ náà síwájú? Ṣé yóò tilẹ̀ jáde? — Bàbá Ọmọ Tuntun, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire ọmọ, Ọlọ́run yóò wò ó dàgbà. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni GTA V jáde lórí ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 àti Xbox 360. Wọ́n tún gbé e wá sórí PlayStation 4 ní ọdún 2014 àti sórí PlayStation 5 ní ọdún 2022, tí ó fi dà bí ìjòyè tí ó ti rí ọba mẹ́ta lórí ìtẹ́ kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2023, Rockstar Games, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é, fi fídíò àkọ́kọ́ GTA VI hàn, wọ́n sì ní ọdún 2025 ni yóò jáde. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ní ó di ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2026; nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2025 kan náà, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Ó dùn mí bí ó ti dùn ọ́, mo ti fi ọjọ́ ìsinmi mi sí oṣù Karùn-ún yẹn.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Odidi ìlú ni wọ́n ń kọ́, Vice City tí wọ́n fi Miami ṣe àwòkọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Leonida tí ó yí i ká, tí òun náà jọ Florida, pẹ̀lú irà rẹ̀, etíkun rẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rìn ní ìgboro rẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan ni ó so mọ́ra: bí òṣìṣẹ́ kan bá tún bí òjò ṣe ń rọ̀ ṣe lónìí, ó lè jẹ́ lọ́la ni ẹlòmíràn yóò rí i pé ọkọ̀ ti ń rì sínú títì ní ìpẹ̀kun ìlú kejì, wọn yóò sì jókòó ti iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi rí ohun tí ó fà á. Lẹ́yìn èyí, Sony tí ó ni PlayStation àti Microsoft tí ó ni Xbox yóò yẹ géèmù náà wò fúnra wọn kí wọ́n tó gbà á láyè lórí ẹ̀rọ wọn.

Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìkánjú máa ń dá sílẹ̀, rántí Cyberpunk 2077. Ọdún 2012 ni CD Projekt, ilé-iṣẹ́ kan ní Póláńdì, kéde rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2020 fún un, wọ́n sún un sí ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sún un sí ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá (ọjọ́ kan náà tí Rockstar mú báyìí, n kò fi ṣe àmì ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí rẹ̀), kí wọ́n tó gbé e jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Pẹ̀lú ìsúnsíwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọbẹ̀ náà kò tíì jinná. Lórí PlayStation 4 àti Xbox One, ọkọ̀ ń fò sókè láìnídìí, géèmù náà sì ń kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbi tí ó ti dùn jù. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Sony ti yọ ọ́ kúrò ní ọjà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2021 kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe lẹ́yìn náà, ó sì di géèmù tí mo lè fi ọwọ́ mi méjèèjì júwe fún ẹnikẹ́ni lónìí, ṣùgbọ́n ìsúnsíwájú kẹrin ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo ìtìjú yẹn.

Mo gbà pẹ̀lú ìdánilójú pé GTA VI yóò jáde. Iye GTA V tí wọ́n ti tà ti ré kọjá 200 mílíọ̀nù, kò sì sí ọlọ́jà tí yóò ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi í sílẹ̀ láìpàtẹ. Ní ti ọmọ tí yóò ti máa rìn, gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó, kí o sì máa dúró di ìgbà tí ó bá sùn.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13 ní kí n fún òun lówó láti san sílẹ̀ fún GTA VI yìí, pé bí a bá pẹ́, yóò tán. Òun náà ni ó tún sọ fún mi pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni géèmù náà yóò gbà wọ inú ẹ̀rọ. Báwo ni ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ṣe ń tán? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ jàre, kò lè tán. Nígbà tí ó jẹ́ pé síìdì nìkan ni wọ́n ń tà, ilé ìtajà lè ní ogún péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá sì pẹ́ dé yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo; láti ibẹ̀ ni àṣà sísan owó sílẹ̀ ti wá. Ohun tí ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kò ní iye, ẹ lè rà á lọ́jọ́ tí ó bá jáde, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rà á yóò ti sọ fún wa bóyá ó jinná. Ọmọ yín fẹ́ kí ẹ sanwó ẹja tí ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà, ó sì ṣe pàtàkì jù: ẹni ọdún 18 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí ó máa gbá GTA V ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni ọdún 17 sókè ní Amẹ́ríkà, nítorí ìpànìyàn àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀. Inú ìdílé kan náà ni èyí tí ọmọ yín ń béèrè fún ti wá. Ẹ ra géèmù bọ́ọ̀lù fún un, kí ẹ sì gbá a pẹ̀lú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Àbúrò mi ní kò sí géèmù tí ó pẹ́ lọ́nà tó Hollow Knight: Silksong. Èmi ní kò tó Duke Nukem Forever rárá. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi ni yóò máa dáná lọ́jọ́ Àìkú fún oṣù kan gbáko. — Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n ni ó jàre, kí àbúrò lọ wá ìkòkò. Oṣù Kẹrin ọdún 1997 ni wọ́n kéde Duke Nukem Forever, oṣù Kẹfà ọdún 2011 ni ó sì jáde, èyí tí ó jẹ́ ọdún 14; oṣù Kejì ọdún 2019 ni wọ́n kéde Silksong, ó sì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ẹjọ́ náà mọ síbẹ̀, nítorí pé ìdúró méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, èyí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń retí géèmù mọ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe Duke Nukem Forever kò gbà kí iṣẹ́ wọn dúró sójú kan. Orí ìpìlẹ̀ (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù) tí wọ́n fi ṣe géèmù Quake II ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1998, wọ́n kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí ìpìlẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Unreal, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa lé ohun tuntun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ẹni tí ó ń wó ilé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí aládùúgbò bá kan páànù tuntun. Nígbà tí ó jàjà dé, ó já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀.

Àwọn Team Cherry tí wọ́n ṣe Silksong kò ju ènìyàn bíi mélòó kan lọ, ní ìlú Adelaide lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Àfikún lásán ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ fún Hollow Knight tí ó jáde ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ó dàgbà mọ́ wọn lọ́wọ́ títí ó fi di géèmù tirẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé nígbẹ̀yìn pé ọ̀nà kò dí mọ́ àwọn rí. Iṣẹ́ náà ni ó ń dùn mọ́ wọn, tí èrò tuntun sì ń sọ lọ́kàn wọn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ó jáde tí wọ́n fi dá ọjọ́ fún un, ni àwọn olùṣe géèmù kéékèèké mìíràn bá yára sún ọjọ́ tiwọn, bí eégún kékeré ti í yà kúrò lọ́nà nígbà tí ó bá gbọ́ ìlù eégún ńlá. Lọ́jọ́ tí ó jáde, àwọn tí ó fẹ́ rà á pọ̀ débi pé àwọn ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì há fún wákàtí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ dọ́là 20 péré ni wọ́n ń tà á. Nítorí náà, kí àbúrò dáná, kí ẹ̀gbọ́n sì fọ abọ́, torí géèmù tí àbúrò ń gbè lẹ́yìn ni ó yẹ fún ìdúró.

Ìbéèrè: Mo ra síìdì géèmù, mo fi í sínú ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n tún lọ gba ẹrù ńlá kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó lè gbá a. Dátà mi tán, iná lọ, àlejò tí mo pè wá wò ó sùn lọ lórí àga. Kí ni mo rà gan-an? — Ọlọ́kàn Gbígbóná, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Síìdì máa ń jáde ní ilé ìtẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ títà, àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í dúró; àṣìṣe tí wọ́n bá rí láàárín ìgbà náà ni wọ́n ń kó sínú àtúnṣe tí ẹ̀rọ rẹ ń béèrè. Nígbà mìíràn, apá kan géèmù náà ni ó wà lórí síìdì, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára páálí pé o nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kà á kí o tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ géèmù tí ènìyàn ń dá gbá, yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o sì gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀; púpọ̀ nínú wọn yóò ṣí. Bí kò bá ṣí, ra dátà òru, kí o sì mọ̀ pé bí iná bá lọ, ibi tí ó dé ni yóò ti máa bá a lọ.

Mo mọ̀ pé ó ń bí ni nínú, ṣùgbọ́n ayé tí kò sí àtúnṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Atari fẹ́ kí géèmù E.T., tí wọ́n mú láti inú fíìmù, bá ọdún Kérésìmesì, wọ́n sì fún Howard Scott Warshaw ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti ṣe é. Ẹni tí ó gbá a ń já sínú kòtò ṣáá, kò sì sí ọ̀nà láti tún un ṣe nínú ilé ẹni tí ó ti rà á. Ní ọdún 1983, wọ́n kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ bò mọ́lẹ̀ ní ààtàn Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti hú u jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2014.

Ìbéèrè: Half-Life 3 ńkọ́? — Aláìsùn, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni ìtàn géèmù náà dúró, nígbà tí Half-Life 2: Episode Two parí síbi tí ó ń ro ni lára jù, tí a sì ń retí apá kẹta láti ìgbà náà. Half-Life: Alyx dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni ó ń sọ. Lọ sùn, àbúrò mi.

Ìbéèrè: Ọkọ mi wà lára àwọn tí ń retí. Bí ó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, fídíò géèmù tí kò tíì jáde yẹn ni yóò máa wò bí ẹni ń wo ìròyìn. N kò bá a jà o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá géèmù kan wà tí àwa méjèèjì lè jọ gbá kí èyí tí ó ń retí tó dé. Mi ò gbá géèmù rí láyé mi. — Ìyàwó Rẹ̀, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ìwé yín ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí tí ó wọlé. Ẹ ra It Takes Two, tí ilé-iṣẹ́ Hazelight ti orílẹ̀-èdè Swídìn gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, tí ó sì gba ẹ̀bùn géèmù tí ó dára jù lọ lọ́dún náà níbi ayẹyẹ The Game Awards. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tí wọ́n fẹ́ kọ ara wọn ni. Wọ́n di ọmọláńgidi lójijì, wọn kò sì lè kọjá ibì kankan àfi bí wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ènìyàn kan kò lè dá a gbá rárá, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó: bí ọkọ yín bá di nǹkan mú, ẹ̀yin ni ẹ máa fò. Ẹ óò já bọ́ nígbà púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, kò sì ní pa géèmù náà lára, torí kíá ni yóò dá yín padà síbi tí ẹ wà. Páàdì méjì ni ẹ nílò. Bí ọ̀kan tí ó wà nílé bá ti gbó, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mú un, kí ẹ̀yin sì mú tuntun.