Ọmọ mi ní ọkùnrin kì í fọ abọ́: ṣé tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ ọ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyàwó mi lọ́rẹ, Ìbàdàn la sì ń gbé. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 9, ní òun kò fọ abọ́ mọ́, pé iṣẹ́ obìnrin ni. Èmi fúnra mi máa ń fọ abọ́ nílé, n kò mọ ibi tó ti rí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 7, tún ń ṣeré dókítà lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni kó ṣe dókítà, òun á ṣe nọ́ọ̀sì, torí pé ọkùnrin ni dókítà. Ìyàwó mi ní tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ló ń bà wọ́n jẹ́, kí n tà wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni ohun tí ọmọ ń wò lè ṣe irú èyí? Kí ni kí n ṣe? Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Bàbá. Lóòótọ́ ni, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 19 ni mo fi kọ ìpolówó ọjà àti eré rédíò kí n tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré kíkọ, mo sì ti fojú ara mi rí bí nǹkan yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpolówó kan fún yín. Èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó ń ro ọbẹ̀ lórí iná, òórùn rẹ̀ ta sánsán, ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti báàgì, ó jókòó, ó ṣí ìwé ìròyìn, ìyàwó gbé oúnjẹ wá, ọkọ tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, bàbá àti ọmọkùnrin rẹ̀ ló palẹ̀ abọ́ mọ́ níparí, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń kọrin ọjà náà. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní kí n yọ ibẹ̀ kúrò, pé àwọn oníbàárà ò ní gbà á gbọ́. Mo yọ ọ́. Kò tó oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo lọ kí àbúrò mi nílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré bàbá-àti-ìyá lẹ́yìnkùlé. Ọmọbìnrin fi agolo mílíìkì ṣe ìkòkò, ó ń fi igi ro ó. Ọmọkùnrin jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó na ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Bírẹ̀kìlà ni bàbá àwọn ọmọ yìí. Ìwé ìròyìn kì í wọ ilé wọn, òun ló sì máa ń tẹ ẹ̀bà fún gbogbo ilé bí ìyàwó rẹ̀ bá pẹ́ lọ́jà. Bàbá inú ìpolówó mi ni ọmọ náà ń ṣe, kì í ṣe bàbá tó bí i. Ó dùn mí wọra. Títí dòní, n kò gbàgbé ìwé ìṣirò yẹn.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu pé ẹ ń fọ abọ́, tí ọmọ yín sì ń sọ ohun tó ń sọ. Bàbá kan ṣoṣo ni ẹ jẹ́. Nínú fíìmù, nínú ìpolówó, nínú eré apanilẹ́rìn-ín orí fóònù, ó lè rí bàbá ogún lọ́jọ́ kan, kí ó má sì sí èyí tó fọwọ́ kan kànìnkànìn nínú wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọkùnrin kì í fọ abọ́. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ sọ ọ́, ọmọ á lè jiyàn. Ohun tí wọn kò sọ, tó kàn ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtàn, tí ojú ń rí lójoojúmọ́, òun ni kì í jiyàn sí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, George Gerbner, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960 sí í ka ohun tó ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n wọn: ta ló hàn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ló lu ta. Lẹ́yìn náà òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi àwọn tó ń wò ó púpọ̀ léèrè bí ayé ṣe rí lójú wọn, wọ́n á sì fi ìdáhùn wọn wé ti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Àwọn tó ń wò ó púpọ̀ sábà máa ń rò pé bí ayé ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló rí níta. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni Gerbner fi pe iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe yìí, bí ẹni ń ro oko sínú ọkàn ènìyàn. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá ju ọkọ́ kì í sọ igbó di oko.

Ohun tí kò hàn náà ń kọ́ ọmọ. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní Global Media Monitoring Project, tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dún márùn-ún márùn-ún káàkiri ayé. Lọ́dún 1995, nínú ènìyàn 100 tí ìròyìn gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn tàbí tó sọ̀rọ̀ nípa wọn, obìnrin ò ju 17 lọ. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n di 25. Ọmọbìnrin yín kò mọ ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Èyí tó wá kan àwa Yorùbá gan-an ni ti dókítà yẹn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Dókítà ti dé, ó ní ká dúró." Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Èdè wa kò sọ. "Ó" wa kò mọ akọ, kò mọ abo. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni a máa ń yà sọ́tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti fa ọ̀rọ̀ yìí yọ láti 1997, pé ọjọ́ orí ni ètò wa máa ń wò kó tó wo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Nínú àlọ́ àti lórí rédíò, etí nìkan ló ń gbọ́ "ó" yẹn, ọkàn ọmọ ló sì ń ya àwòrán. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Àwòrán kò lè sọ "ó". Ó gbọ́dọ̀ fi ojú ẹnì kan hàn. Ìgbàkúùgbà tí òǹkọ̀wé bá sì kọ "dókítà" láìsọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkùnrin ni olùdarí eré máa ń wá. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá jẹ́ obìnrin, a ó kọ ọ́ gbangba: "dókítà obìnrin", "awakọ̀ obìnrin". Ọ̀rọ̀ "obìnrin" tí a fi kún un yẹn ń sọ fún ọmọ pé àlejò lèyí jẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ tún wo àwọn obìnrin alágbára inú fíìmù wa. Obìnrin tó lówó, tó ń pàṣẹ, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti rí i kí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dára? Bí kò bá yàgàn, àwo ẹbọ á wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé sì ni àjẹ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. "Ìkà" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí eré orí ìtàgé àti fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: olówó ni, olóko ńlá ni, ó lẹ́rú rẹpẹtẹ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú mọ́ ọn lójú. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi yọ ọ́ lóyè ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa á. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ìgbà rẹ̀ tí àwọn náà lẹ́rú, tí wọ́n kó ìlú, akọni la pè wọ́n.

Kò sì mọ sórí obìnrin o. Ní Ìlú Ọba, òfin ìpolówó kan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2019 pé wọn kò gbọdọ̀ fi ọkùnrin tàbí obìnrin hàn lọ́nà tó lè ṣe ìpalára. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin yìí dá dúró ni ìpolówó wàràkàṣì kan: bàbá méjì ń jẹun, oúnjẹ gbà wọ́n lọ́kàn títí bẹ́líìtì tó ń gbé abọ́ oúnjẹ yípo fi gbé ọmọ ọwọ́ wọn lọ. Ọmọkùnrin tó ń wo irú èyí ń kọ́ pé ọmọ títọ́ kò sí lọ́wọ́ òun.

Ó yá, kí ni kí ẹ ṣe? Bí ẹ bá ta tẹlifíṣọ̀n, ilé aládùúgbò ni wọ́n á ti máa wò ó, ẹ̀yin ò sì ní sí níbẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ má wàásù. Ọmọ ọdún 9 mọ ìgbà tí ìwàásù bá ń bọ̀, á sì di etí. Ẹ fún òun àti àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀pà, kí wọ́n máa mú ẹyọ kan sọ́tọ̀ nígbàkúùgbà tí obìnrin bá gbé oúnjẹ wá fún ọkùnrin nínú fíìmù, kí wọ́n mú ẹyọ kan sínú abọ́ kejì bí ọkùnrin bá gbé e wá fún obìnrin. Kí wọ́n kà á níparí. Ẹ kàn béèrè pé, "Ṣé bó ṣe rí nílé wa nìyẹn?" Kí ẹ sì dákẹ́, kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí lè ta yín lára díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́, kí ni ẹ máa ń sọ? Ọ̀pọ̀ bàbá a máa sọ pé, "Mò ń bá màmá yín fọ abọ́ ni." "Mò ń bá a" yẹn ti sọ ẹni tó ni iṣẹ́. Abọ́ tí gbogbo yín jẹ ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbà tí àwọn ọmọ ti sùn ni ẹ máa ń fọ̀ ọ́, tàbí bóyá bí àlejò bá dé, ọmọbìnrin nìkan ni ẹ máa ń pè pé kó gbé omi wá. Ní ti ọmọkùnrin yín, kó fọ abọ́ tirẹ̀ lónìí, kí ẹ̀yin náà máa fọ tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dìgbà tó bá gbà pẹ̀lú yín.

Fóònù yàtọ̀, torí pé ohun tí ọmọ bá wò lánàá ló máa tún gbé síwájú rẹ̀ lónìí. Bó bá jẹ́ fóònù kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ẹ máa pa àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti wò lórí YouTube rẹ́ látìgbàdégbà, kí ẹ̀yin fúnra yín sì wá ohun mìíràn síbẹ̀: ọmọkùnrin tó ń se oúnjẹ, ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín nípa Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, ọmọ Èkó, tó gboyè dókítà ní Dublin ní 1938, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá sì mú un lọ sílé ìwòsàn, tó jẹ́ obìnrin ló yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sọ "dókítà obìnrin" lójú rẹ̀. Ẹ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà." Ó tó. Bí wọ́n bá tún ń ṣeré dókítà nílé, ẹ lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín wọn. Ẹ pe ọmọ ọdún 7 yẹn: "Dókítà, inú ń run mí o." Ẹ jẹ́ kó gbé etí lé yín láyà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di ife omi mú fún un.