Ṣé ẹ̀yà kan náà ni odídẹrẹ́ Làìbéríà àti tiwa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo rí odídẹrẹ́ kan ní Làìbéríà tí ìrù rẹ̀ kò pọ́n bí ìkóóde tiwa. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ara rẹ̀ náà sì kéré. Ẹni tó ni ín sọ pé oúnjẹ ló fà á. Àwa kan ní Ìwó ń gbèrò láti dá odídẹrẹ́ padà sínú igbó, nítorí pé ilé odídẹrẹ́ ni wọ́n ń ki ìlú wa. Ṣé a lè mú irú ti Làìbéríà mọ́ tiwa?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí èrò yín gidigidi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ló sọ ìrù ẹyẹ náà di dúdú. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Psittacus timneh ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ó sì ń gbé láti Guinea-Bissau títí dé apá ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire. Tiwa, Psittacus erithacus, ló wà láti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yẹn lọ dé Kẹ́ńyà. Ní 2012 ni BirdLife International, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹyẹ, kà wọ́n sí ẹ̀yà méjì, àyẹ̀wò DNA, èròjà inú ara tó ń gbé àbùdá láti òbí dé ọmọ, sì wà lára ohun tó ti fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ojú ọjọ́ ayé àtijọ́ ní ọwọ́ ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn ni ayé ti ń tutù, tó sì tún ń móoru, léraléra. Nígbà tí òtútù tó kẹ́yìn le jù, ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, omi púpọ̀ dì sí apá àríwá ayé débi pé òkun fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 120 mítà, òjò tí atẹ́gùn òkun máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wa sì dín kù. Ẹgàn wá súnkì sí ibi tí ọ̀rinrin kò ti tán: ìhà Làìbéríà àti Côte d'Ivoire ní ọwọ́ kan, ìhà Kamẹrúùnù àti Gabon ní ọwọ́ kejì, ọ̀dàn sì gba àárín wọn. Inú ihò igi gíga ni odídẹrẹ́ ń yé sí, nítorí náà ibi tí igi bá wà ni òun náà á wà.

Bí igbó bá súnkì, agbo ẹyẹ á kéré. Nígbà tí agbo bá sì kéré, àbùdá tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ní lè bá ikú àwọn díẹ̀ náà lọ, bí kò tilẹ̀ burú. Èyí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní apá kan kò ní rí ọ̀nà dé apá kejì. Bí òjò bá padà tí igbó sì tàn, ìwọ̀nba àbùdá tí àwọn tó ṣáájú gbé dání nìkan ni ọmọ wọn á jogún, ìdí nìyí tí àbùdá fi sábà máa ń pọ̀ jù níbi tí igbó kò ti parẹ́ rí. Ẹ má rò pé ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo ló ya odídẹrẹ́ méjèèjì. Ìyapa wọn ti wà tipẹ́ ṣáájú èyí tí mo sọ yìí.

A rí ẹ̀rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nítòsí. Àlàfo ọ̀dàn kan gba ilẹ̀ Benin àti Tógò kọjá dé etí òkun. Àtíkè òdòdó àtijọ́ tó wà nínú ẹrẹ̀ adágún Sélé, ní gúúsù Benin, ń sọ irú ewéko tó hù níbẹ̀ nígbà náà, ó sì fi hàn pé igbó ló wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 8,400 títí di 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀dá tó tún dé. Kì í ṣe àlàfo yìí ni ààlà odídẹrẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí igbó ṣe ń là sí méjì.

Lóde òní, ọwọ́ ènìyàn ló ń sọ agbo wọn di kékeré. Ní Gánà, odídẹrẹ́ ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1992. Ní 2016, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó tó wà nínú ewu, fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó kọjá ààlà fún títà, ẹ̀yà méjèèjì ni òfin náà sì dé. Tí ẹ bá máa tú ẹyẹ sílẹ̀, èyí tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn ta ni kí ẹ béèrè, kí dókítà ẹranko sì yẹ àrùn wò lára rẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ tọ́jú ìyẹ́ tó bá re, ẹ má gé ìdí rẹ̀ kúrò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí DNA tí wọ́n á fi mọ ẹ̀yà rẹ̀.