Kí o tó fi b3 bẹ̀rẹ̀ ayò ní ìdíje

Àbúrò mi, o ní ó ti sú ọ láti máa há gbogbo ọ̀nà e4 sórí, o sì béèrè bóyá o lè fi b3, ìyẹn kí o ti pọ́ọ̀nù (ọmọ-ogun kékeré) ìlà b sí ojú kẹta, bẹ̀rẹ̀ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní ìdíje tí ń bọ̀. O lè ta á, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta.

Ọmọ ilé-ìwé girama ni wọ́n fi mí kò, mo sì fojú di í. Mo ti b3, ó ti e5. Mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí b2, ó gbé ẹṣin sí c6. Mo ti c4, ẹṣin rẹ̀ kejì bọ́ sí f6. Èmi náà gbé ẹṣin sí f3, mo tẹ aago, mo sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ti gba ife. Ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo ti pọ́ọ̀nù rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti họ sí e4. Ẹṣin mi sá lọ sí d4, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yọ sí c5. Mo fi ẹṣin pa ẹṣin ní c6, ó fi pọ́ọ̀nù d gbẹ̀san, ọ̀nà sì là fún bíṣọ́ọ̀bù kejì àti ayaba rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kan péré ni mo ní níta. Ọba mi wà láàárín pátákó, kò sì sí Olúmọ tí yóò sá sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù pamọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i pé ibi tí Bent Larsen, ará Denmark tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe b3 yìí, ti kó sí ọwọ́ Boris Spassky, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé nígbà náà, ní Belgrade ní ọdún 1970 gan-an ni mo kó sí. Ìgbésẹ̀ 17 péré ni Larsen ta kí ó tó gbà pé òun ti kú.

Nítorí náà, e3 ni kí o kọ́kọ́ tì ní ìgbésẹ̀ kẹta, má tí ì fọwọ́ kan ẹṣin g1. Lẹ́yìn náà, gbé bíṣọ́ọ̀bù kejì lọ sí b5, kí ó dojú kọ ẹṣin c6 tí ń ṣọ́ e5, nítorí e5 yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù b2 ń wò láti òkèèrè. Bí ó bá fi bíṣọ́ọ̀bù sí d6 láti gbèjà e5, má fòyà: ó ti dí pọ́ọ̀nù d tirẹ̀ lọ́nà nìyẹn. Ẹṣin rẹ lè wá gba e2 jáde, níbi tí pọ́ọ̀nù e kò ti ní lè lé e.

Ọ̀nà yìí ni mo fi bá ọmọ yẹn ta lẹ́ẹ̀kejì ní Kútọ̀. Ọ̀mì ni a ta.